Ìyá Àgbà Tó Dúró Níwájú Ìkookò

Ìyá àgbà tú ìró ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà á bo ìyá mi lórí. Ìyá mi ń jà lábẹ́ aṣọ, ó ń ké pé òun ò ríran, pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni ìyá àgbà tún fa aṣọ náà wálẹ̀. Tòbí tí epo ti sọ di pupa rúsúrúsú nìkan ló kù nídìí rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti ìyá mi, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ lé adìẹ wọlé, ó sì kọjú sí ìkookò.

Ìkookò gidi ni o, kì í ṣe ti inú àlọ́. Àwọn oníṣeré kan láti òkè Ọya ló ń fà á kiri ìlú Ṣakí nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n á fi ṣéènì dè é lọ́rùn, wọ́n á so okùn mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn èèyàn á sì máa sọ owó sí wọn. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti tú okùn ẹnu rẹ̀ kí ayé lè rí eyín rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ ní kọ́nà, òórùn bí awọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò ló ti sá gun orí igi máńgòrò. Èmi nìkan ni mi ò sá. Mo di tòbí ìyá àgbà mú gírígírí lẹ́yìn, mo sì dúró.

"Ẹ fà á sẹ́yìn!" Ìyá àgbà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. "Aboyún ń bẹ lẹ́yìn mi. Ẹ fà á sẹ́yìn!"

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣeré náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, kì í bu èèyàn jẹ."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ ìbùjẹ? Ojú rẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí aboyún mi rí! Bàbá rẹ ni kó lọ bù jẹ!"

Àwọn tó wà lórí igi bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fa ṣéènì, ẹranko náà kígbe kan tó dà bí ẹkún ọmọ tí ebi ń pa, wọ́n sì gba ìsàlẹ̀ ọjà lọ. Ìgbà tí eruku wọn rọlẹ̀ tán ni ìyá àgbà tó ṣí ìyá mi lórí, ó wé ìró rẹ̀ padà, ó ní, "Ó yá, wọlé."

Kì í ṣe ẹbí wa. Ojúlé tó tẹ̀lé tiwa ló ń gbé, àdín ló sì ń ṣe tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti máa ń gbọ́ òkúta rẹ̀ lórí èkùrọ́, kò, kò, kò, bíi pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún un. Tó bá pa á tán, á yan án nínú ìkòkò títí èéfín á fi bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, àdín dúdú á máa sun jáde, òórùn rẹ̀ á sì wọ aṣọ tí a sá sórí okùn. Kò sí ọmọ tuntun kan ládùúgbò wa tí kò rùn bí ìyá àgbà, nítorí òun ló ń fi àdín pa wọ́n lára. Òun náà ló ń ṣọ́ àwọn ìyá wọn kí wọ́n tó bí. Aboyún kò gbọdọ̀ rìn lọ́sàn-án gangan láìfi píìnì há aṣọ. Kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ wo ẹranko búburú lójú. "Ohun tí aboyún bá tẹjú mọ́," ló máa ń wí, "ọmọ inú náà ń wò ó."

Àbúrò mi obìnrin ni ìyá mi bí nínú oyún yẹn. Ìbàdàn ló wà báyìí, kò sì jọ ìkookò rárá, àfi tó bá ń bínú.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò tí mi ò lè wà. Mo ti wa tírélà gba ojú ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó gbà. Ní Calgary níbí, nílẹ̀ òyìnbó tí mo wà báyìí, nígbà tí snow bá bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pe ibi iṣẹ́ pé àwọn ò lè wá, èmi ni ọ̀gá wa ń pè. Àwọn ará Naija tó wà nítòsí wa ní Falconridge mọ̀ mí. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù kì í bà yín ni?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹ̀rù àti èmi kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Irọ́ ni. Ẹ̀rù kan wà. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, òun ló mú mi wá sí orílẹ̀-èdè yìí, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Oyún ti wálẹ̀ lára rẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn, ó ti tóbi débi pé a ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Nígbà tí òmíràn tún dúró tó wọ oṣù keje, mo ń rìn nínú ilé bí ẹni tó gbé abọ́ ẹyin lórí.

Dókítà ní kó máa rìn. Níbo ló fẹ́ rìn sí? Gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì ti di yìnyín, ó ń dán bí abọ́ tánńganran. Inú mall la ti ń rìn, títí tí àwọn tó ń ta bàtà fi mọ̀ wá. Ní ọjọ́ Sunday kan tí òtútù ń ta èèyàn létí bí agbọ́n, ó jí, ó wọ aṣọ, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí museum yunifásítì. Ibẹ̀ gbóná, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú."

"Museum kẹ̀? Kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"

"Nǹkan àtijọ́. Please, ẹ jẹ́ ká ṣáà lọ. Mo fẹ́ rìn."

Kò wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́. Mo rò pé òtútù ni.

Ìkòkò àti aṣọ ló wà ní yàrá àkọ́kọ́. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, omi snow tó wà lábẹ́ bàtà wa nìkan ló ń dún fìn-ín, fìn-ín lórí ilẹ̀ dídán. Ara mi balẹ̀. Mo rí òkúta pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi gíláàsì bò tí iná ń tàn sí lórí bí ọba, mo ní, "Nọ́ọ̀sì mi, wá wo nǹkan. Èyí kì í ṣe nǹkan àtijọ́, ọlọ ni. Ó wà nílé wa ní Ṣakí, wọ́n fi lọ ata lánàá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò ní ikùn rẹ̀. Ó ń tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń dúró, ó ń tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì.

A wọ yàrá kejì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹranko ló wà níbẹ̀.

Iná ibẹ̀ ṣú díẹ̀. Àgbọ̀nrín tó ga bí ẹṣin, ẹyẹ tó na ìyẹ́, béárì tó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n ti kú, wọ́n sì dúró, gbogbo wọn la ojú sílẹ̀. Mo yí orí mi síbi tí ìyàwó mi wà láti ní ká padà. Ó ti dé iwájú ìkookò. Irú ti ilẹ̀ òtútù ni, ó ga, ó funfun, ó ká ètè sókè, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta, kò sì sí nǹkan kan láàárín wọn ju okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi pààlà. Ìyàwó mi tẹjú mọ́ ọn. Kò ṣẹ́jú. Ó dúró bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn.

Mi ò ronú. Mo bọ́ kóòtù òtútù mi, mo dà á bò ó lórí.

Ó ta gìrì, ó lọgun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú omi snow, mo gbá a mú kó má baà ṣubú, bó ṣe ń jà ni mo túbọ̀ ń fún un mọ́ra. Òyìnbó obìnrin kan tó wà nítòsí pariwo. Ẹ̀ṣọ́ ilé náà sáré wá, bàbá Punjabi kan tó wé láwàní dúdú, rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sir! Let go of her. Step back."

Mo tú ọwọ́ mi. Mo gbé e sókè kí ẹ̀ṣọ́ náà lè rí i. Gbogbo ìròyìn tí mo ti ń gbọ́ nípa aláwọ̀ dúdú bíi tèmi àti ọlọ́pàá ló rọ́ wọ inú orí mi: wọ́n á mú mi, wọ́n á gba PR wa, ìwé tí a fi ń gbé ìlú yìí, obìnrin yìí á bímọ lóun nìkan. Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ sá kúrò lẹ́nu mi. Ìyàwó mi yọ orí lábẹ́ kóòtù, irun rẹ̀ ti dàrú.

"He's my husband," ló wí. "It's okay."

"Are you sure, ma'am?"

"I'm sure. He doesn't want the baby to see the wolf."

Ẹ̀ṣọ́ náà wò mí, ó wo ìkookò, ó wo ikùn rẹ̀. Ó rọra gbé rédíò rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ìyá òun kì í jẹ́ kí aboyún wo òṣùpá tí òkùnkùn ń gbé mì. Ó fi ọwọ́ hàn wá ibi tí bẹ́ǹṣì wà, ó sì lọ bá obìnrin tó pariwo yẹn sọ̀rọ̀.

A jókòó. Mò ń retí ọ̀rọ̀, nítorí ìyàwó mi kì í gbà fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, omi ló ń dà níbẹ̀.

"Ọmọ yìí ò yíra láti àná alẹ́," ló wí.

Mo sún mọ́ ọn. "Kí lo wí?"

"Mo mu omi tútù, mo jẹ nǹkan dídùn, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Mo ní bóyá tí mo bá rìn. Kò yíra."

"Hospital ńkọ́? Ìwọ tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni ọ́!"

"Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni mí ni! Mo mọ yàrá tí wọ́n máa mú wa wọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó sọ ọ́. Mi ò lọ. Ẹ jẹ́ kó wà nínú mi báyìí díẹ̀ sí i." Ó nu imú. "Kò lè yé yín. Ẹ̀yin, ẹ̀rù kì í bà yín."

Nígbà náà ni mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ti gbọ́ ìtàn ìkookò Ṣakí lẹ́nu mi rí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èyí: nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi fi ẹ̀kọ gbígbóná rán mi sí ìyá àgbà láti dúpẹ́. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó ti èkùrọ́ rẹ̀. Ó gbé òkúta sókè, òkúta náà ò ba èkùrọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló bà. Ẹ̀jẹ̀ ti wà ní ìka rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ń gbọ̀n bí ewé.

"Ìyá, kí ló ń ṣe yín?"

"Ẹ̀rù ni."

"Ìkookò ti lọ o, Ìyá."

"Ó ti lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Mo ní kó dúró dè mí nílé." Ó fi ìka rẹ̀ sẹ́nu, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. "Má sọ fún ìyá rẹ. Tó bá mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí, kò ní sùn."

Mo gbé ọwọ́ mi sórí itan ìyàwó mi kó lè rí i. Ó ń gbọ̀n. "Ẹ̀rù ń bà mí," mo wí. "Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò mọ̀ bóyá mo lè di sítíárì mú. Dìde, ká jọ máa bẹ̀rù lọ."

Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Mi ò rántí títì. Èmi tí mo mọ gbogbo kọ́nà ìlú yìí, ohun tí mo rántí kò ju wáípà tó ń lọ tó ń bọ̀ àti ìyàwó mi tó ń kùn orin tí kò ní ọ̀rọ̀. Ní hospital, ọmọbìnrin kan tó kéré ju àbúrò mi lọ da nǹkan tútù sí i ní ikùn, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sún un. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó mi di ìka mi mú, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, ó ń wò ó bóyá wọ́n á tì í. Ọmọbìnrin náà tún sún un sísàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Gìrì-gìrì-gìrì-gìrì.

"There's your baby," ló wí. "Just lazy today."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Èmi, mo lọ dúró níbi tí a gbé mọ́tò sí, nínú òtútù láìwọ kóòtù, mo fọwọ́ ti mọ́tò, ìgbà tó ṣe ni mo tó lè wọlé padà.

Ọmọ náà ṣì wà nínú bí mo ṣe ń kọ èyí. A ò tíì gúnlẹ̀, mi ò sì ní purọ́ pé ẹ̀rù náà ti lọ. Nọ́ọ̀sì mi ti kọ́ mi pé kò sí ohun tí ìkookò fi ojú ṣe fún ọmọ inú, mo sì gbà fún un, ṣùgbọ́n píìnì kan wà lára aṣọ rẹ̀ tí kò tíì yọ.

Ìyá àgbà ti kú tipẹ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọdé kì í béèrè irú rẹ̀. Lálaalẹ́, kí a tó pa iná, mo máa ń ronú kàn án. Ìyá àgbà gbé ẹ̀rù tirẹ̀ pamọ́ kí ìyá mi lè sùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e pamọ́, mo sì gbé e pamọ́ títí mo fi rò pé mi ò ní in. Ní báyìí, mo máa ń sọ ọ́ sókè: "Ẹ̀rù ń bà mí o." Ìyàwó mi á ní, "Èmi náà." A ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, a ó dákẹ́, a ó máa retí. Tí ọmọ náà bá ti ta ẹsẹ̀, ìyàwó mi á mí kanlẹ̀, á sì sùn.