Àwòrán Karùn-ún Lórí Bọ́ọ̀dù Oníbàárà

Àwòrán karùn-ún lórí bọ́ọ̀dù tí oníbàárà mi fi ránṣẹ́ ni mo ti rí ikùn ara mi.

Òwúrọ̀ ni. Mo jókòó sí sítúdíò mi lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Agége, òkè ilé búrẹ́dì gan-an, mo ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná, mo sì ń fi ìka ti àwòrán sókè lórí fóònù. Àkọ́kọ́, obìnrin olóyún nínú oko òdòdó. Èkejì, olóyún létí òkun. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, olóyún tó wé gèlè tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀karùn-ún, èmi. Mo jẹ búrẹ́dì náà tán. N kò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá ṣe.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Ìkànnì kan wà lórí ayélujára tí èèyàn ti lè ṣa àwòrán tó wù ú jọ sójú kan, bí télọ̀ ṣe ń lẹ sítáì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bọ́ọ̀dù là ń pè é. Kí oníbàárà tó wá, á fi líǹkì bọ́ọ̀dù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń dín àríyànjiyàn kù, àmọ́ ojú mi ti rí nǹkan. Àfẹ́sọ́nà kan fẹ́ dúró nínú yìnyín. Ibo ni mo ti fẹ́ rí yìnyín ní Agége, àfi tí mo bá lọ tú fìríìsà ìyá tó ń ta omi tútù? Bàbá kan tó ń ṣe ọgọ́ta ọdún fi àwòrán ẹni tó gun ẹṣin ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n gbé àyà síta. Wọ́n wo fọ́tò náà títí, wọ́n ní ó jọ ọ́.

Àwòrán tèmi yìí, èmi ni mo ya ara mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú yàrá yìí kan náà. Oyún oṣù méje ni. Mo gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣètò rẹ̀ kó dúró díẹ̀ kó tó yà, mo wá sáré, bí olóyún ṣe lè sáré mọ, lọ dúró ti fèrèsé. Mo kọjú síta, ojú mi kò hàn. Ilé iṣẹ́ kan tó wà ní òdìkejì títì ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù tuntun nígbà náà. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá bà á, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ta wọ yàrá mi, á sì rọ̀ lójú. Mo fi àwòrán náà sórí bọ́ọ̀dù sítúdíò, kí àwọn oníbàárà lè rí ohun tí fèrèsé mi lè ṣe. N kò kọ orúkọ sí i.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ọmọ kò mira mọ́. Ìrọbí kan náà ni mo rọ, bí gbogbo abiyamọ ṣe ń rọ ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹkún ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àbúrò bàbá ọkọ mi ló gbé e lọ. Títí dòní n kò béèrè, wọn kò sì sọ. Ìyá mi wá láti Èkìtì, wọ́n wọ sùtánà funfun ìjọ wọn, wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni wọ́n wí. "Má sunkún. Àwòrán ikùn tó o yà yẹn, pa á rẹ́. Mi ò gbọdọ̀ bá a nínú fóònù rẹ."

Mo pa á rẹ́ nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà, àti lórí bọ́ọ̀dù. N kò sì sunkún. Kì í ṣe pé mo láyà. Ara mi ló kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́ jù. Oṣù kejì mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ń ya olóyún, mo ń ya ìkókó, mo ń sọ pé "ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀". Ohun tí mi ò rò ni pé àwọn tó ti rí àwòrán náà lórí bọ́ọ̀dù mi ti fi í pamọ́ sórí tiwọn, àwọn mìíràn sì ti gbà á lọ́wọ́ àwọn yẹn. Mo yọ tèmi, tiwọn ṣì wà níbẹ̀.

Mo pinnu pé tí oníbàárà yìí bá dé, màá ní kó yọ ọ́. Ikùn mi ni, ọmọ mi ni, kì í ṣe sítáì. Àmọ́ tí mo bá ní kó yọ ọ́, á bi mí ní ìdí, bẹ́ẹ̀ a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí olóyún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dé láti Omole. Tíṣà ni, oyún àkọ́kọ́, ara rẹ̀ yá gágá. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù sí mi.

"Àǹtí, nọ́ńbà fáìfù yẹn, exactly bó ṣe rí ni mo fẹ́ o. Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ó jọ pé abroad ni wọ́n ti yà á."

"Bóyá," ni mo wí.

"Ṣé ẹ lè rí irú wíńdò yẹn?"

Mo fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró síbi tí èmi náà dúró sí gan-an, kò mọ̀. Páànù òdìkejì ti dípẹtà, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti pọ́n díẹ̀. Mo ní kó kọjú síta, kó fi ọwọ́ òsì gbé ikùn láti ìsàlẹ̀, kó sinmi èjìká.

"Ẹ ò tiẹ̀ wo fóònù," ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ mọ obìnrin yẹn ni?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti òwúrọ̀ ti dé ètè mi. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Ó yíjú sí mi kíá. "Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló bí?"

Nọ́ọ̀sì ló sọ ohun tí mo bí fún mi lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó gbé e lọ. Láti ìgbà yẹn, ìyá mi ò bi mí, ọkọ mi ò dárúkọ rẹ̀, èmi náà ò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

"Ọkùnrin," ni mo wí.

"Ọlọ́run ṣeun! Àǹtí, tẹ́ ẹ bá rí wọn, ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ ní mo ní wọ́n kú ewu ọmọ."

Mo ní màá jíṣẹ́. Mo ní kó yíjú padà sí fèrèsé. N kò sọ fún un mọ́ pé kó yọ nǹkan kan. Mo gbé kámẹ́rà bojú, omi ń dà lójú mi, mo sì ń ya fọ́tò lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti bímọ, òun lẹni àkọ́kọ́ tó kí mi kú ewu.