Ẹyin Àparò Tó Funfun Láàárọ̀ Yìí

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí i rí kí ẹyin àparò funfun bí ẹfun?

Àmì dúdú tóótòòtó ló máa ń wà lára ẹyin wọn. Tòní kò ní ẹyọ kan. Mo fi èékánná ha á wò, bóyá nǹkan ló bò ó. Rárá o, funfun náà ni.

Kúnlé ọmọ mi ló ni àwọn ẹyẹ ọ̀hún. Onílé rẹ̀ ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́, kò fẹ́ ariwo, ló bá kó wọn wá sẹ́yìnkùlé mi níbí l'Ọ̀yọ́. Ẹyin wọn ló ń tà jẹun. Àyà mi já, mo ní àìsàn ti wọlé. Mo pè é.

"Màámi, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń yé, kì í ṣe àárọ̀. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, ẹyin á já bọ́ kí àmì tó dé ara rẹ̀. Kí ló dẹ́rù bà wọ́n?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Níbo lẹ ti gbàdúrà láàárọ̀?"

"Ẹ̀yìnkùlé."

"Pẹ̀lú agogo?"

"Ṣé aládùúrà ń gbàdúrà láìlu agogo ni? Ìwọ náà ni mo ń gbàdúrà fún, kí ọjà rẹ lè tà!"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ikọ́ yẹn gan-an ló tún ń kọ mí lóminú báyìí.

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi, ṣé kí n gbé ilé ẹyẹ kúrò ni, àbí kí n máa rọra lu agogo? Àdúrà tí mò ń gbà fún ọmọ yẹn ṣá, mi ò lè dá a dúró o.