Ohun Tí Wọ́n Gbọ́ Lẹ́nu Gọ́tà

Ẹni tó bá ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé gọ́tà ń bà á lẹ́rù, kó wá gbọ́ tẹnu mi. Ọmọ Èjìgbò ni Kàsímù ọkọ mi, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí Àbíjàn. Abẹ́ ilẹ̀ Àbíjàn ló ti kọ́ṣẹ́. Inú gọ́tà ńlá abẹ́ títì ni wọ́n máa ń rá wọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n á máa kó ẹrẹ̀ àti pàǹtí jáde. Ibẹ̀ náà la ti fẹ́ra wa.

A padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1986. Nígbà tí gọ́tà abẹ́ títì dí, tí omi òjò ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ lọ́nà Másífà, ta ni wọ́n wá wá? Ọkọ mi ni. Àwọn kan ní ànjọ̀nnú ń bẹ nínú ihò yẹn. Kàsímù rẹ́rìn-ín, ó ní ànjọ̀nnú tó lè fara da òórùn ibẹ̀, wọn ò tíì bí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kàsímù á so okùn mọ́dìí, á rá wọlé. Ràmọ́nù tó ń bá a ṣiṣẹ́ á di okùn mú lókè. Bí ẹrẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀, Kàsímù á ké láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ó ṣẹ́kù!" Bó bá parí, á ní, "Ó tán!" Ràmọ́nù á sì fà á jáde.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá wọn. Òjò ti ṣú dùdù lápá Ìsúndùnrìn. Mo bá Ràmọ́nù níjòókòó, okùn wà lọ́wọ́ kan, gúgúrú wà lọ́wọ́ kejì.

Mo ní, "Ràmọ́nù, òjò ń bọ̀! O ò lè pe bàbá Mùíbì jáde?"

Ó ní, "Ìyá Mùíbì, mo ti pè wọ́n tì. Wọ́n ní ó ṣẹ́kù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pariwo ó ṣẹ́kù, ó ṣẹ́kù, àfi bí ẹni pé mo dití." Ó bá tẹnu bọ ihò: "Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́! Ẹ máa bá a lọ!"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fetí sí i. Ohùn ọkọ mi ti ha.

"O sekúù! O sekúù!"

Yéè! Yorùbá kọ́ nìyẹn! Faransé ni! "Ẹ gbà mí o" ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Àbíjàn. Abọ́ oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti gbá Ràmọ́nù létí kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

"Faransé ló ń ké! Ó ń kú lọ, ìwọ ń jẹ gúgúrú! Fà á!"

Ó fà á, okùn ò mira. Mo figbe ta. Àwọn télọ̀ tú jáde, wọ́n fi irin hú kọnkéré tó bo gọ́tà. Áà, ohun tí ojú mi rí! Kọnkéré àtijọ́ kan ti wó lé ẹsẹ̀ ọkọ mi, omi tí kọnkéré náà sé mọ́bẹ̀ sì ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, wọ́n rí i yọ.

Ràmọ́nù kúnlẹ̀ tì í létí títì, ó ń sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò ké ní Yorùbá?"

Kàsímù ranjú mọ́ ọn.

"Ràmọ́nù, Yorùbá ni mo rò pé mò ń ké."