Òwú Àràbà Lókè Àjà

Ọdún tí bàbá mi ta tábà dáadáa ló tú koríko orí ilé wa ní Ìdèrè, tó kan páànù. Gbogbo àdúgbò ń kí i kú oríire. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó yé wa pé inú ìkòkò la kó wọ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni ooru náà ń sè jù, nítorí sòbìyà ti dá a dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kò lè jáde.

Bàbá mi ta ẹní oore bí àjà sábẹ́ páànù yàrá ìyá rẹ̀, ó fi ìko so ó, ó sì kó òwú àràbà lé e lórí, irú èyí tí à ń kì sínú ìrọ̀rí.

Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣa kóró inú rẹ̀."

"Ta ló fẹ́ sùn lé e? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!"

Yàrá náà tutù lóòótọ́. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, gbogbo wa á rọ́ lọ kí ìyá àgbà.

"Ẹ kú ìfẹ́ mi o," á ní. "Nígbà tí ibí ń gbóná, ta ló mọ̀ mí?"

Eku ló kọ́kọ́ gbúròó kóró náà. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń jà lókè bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ò sí nítòsí. Nígbà tó yá, ariwo dá wáí. Bàbá mi ń yan fanda.

"Ẹ ò rí i? Wọ́n ti kó lọ."

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. "Eku kì í fi oúnjẹ sílẹ̀. Kí ló ń jẹ wọ́n?"

Láti ìgbà náà ni àjà ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lónìí lápá orí ìyá àgbà, lọ́la lápá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi ní òwú ló ń wálẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àjà tẹ̀ wá sí ọ̀gangan àyà ìyá àgbà, ìko kan já. Ó pè wá, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Ẹ wá gbé mi. Ẹ má sáré."

Bàbá àti ìyá mi di etí ẹní rẹ̀ mú, wọ́n rọra ń wọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tí àjà fi ya. Òwú bo ilẹ̀. Ohun kan tó wúwo bọ́ sáàárín rẹ̀, gbì! A ò rí orí rẹ̀, a ò rí ìrù rẹ̀. Òwú náà nìkan ló ń rìn.

Bàbá mi pa ilẹ̀kùn dé, ó ké sí àwọn ọdẹ. Wọ́n tú òwú náà títí, wọn ò bá nǹkan kan.

Pálọ̀ là ń tẹ́ ẹní ìyá àgbà sí báyìí, níbi tí kò sí àjà rárá, tó gbóná bí ààrò. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í.

"Ìyá mi, ṣé ooru ò mú yín jù? Mo lè ta àjà mìíràn."

"Ó ń mú mi," ó ní. Kò gbójú kúrò lára páànù. "Fi mí sílẹ̀ níbí."