Ẹni Tí Donato Ì Bá Fi Iṣẹ́ Lé Lọ́wọ́

Kò sí ẹni tó mọ Donato Iacovelli ní Cranston tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Láti orí òkè Molise ní Ítálì ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ ilẹ̀ ro àti ẹnu tí kì í gbà láé pé òun ṣàṣìṣe. Ògiri òkúta ló kọ́kọ́ ń mọ fún àwọn olówó. Ó di pé ó ń gé koríko wọn, ó di pé ó ń gbin òdòdó wọn, títí ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta fi ń jáde lágbàlá rẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn wọn pé: Iacovelli àti Ọmọkùnrin.

Ọmọkùnrin wo? Nunzio ni. Bí Nunzio bá ti gbóòórùn koríko tútù báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ojú á wú, imú á máa ṣàn. Donato ní yóò mọ́ ọn lára. Kò mọ́ ọn lára. Nunzio bá tirẹ̀ lọ sí Boston, ó ń ta bàtà.

Loredana, àbíkẹ́yìn, ni Ọlọ́run fi iṣẹ́ náà sí lọ́wọ́. Láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Sátidé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka róòsì; á kàn dúró wò ó, á yí i po, á sì gé e síbi tó yẹ. Igi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ní kí wọ́n hú dànù, bó bá tọ́jú ẹ̀, á tún rúwé. Donato rí i o, ojú rẹ̀ kò kúkú fọ́.

Nígbà tí ọmọ náà jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, gbogbo ẹbí jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Assunta ìyá rẹ̀ ń bu makaróní, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ń da wáìnì sọ́fun. Loredana ní, "Pápà, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́."

Donato bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Kí n gbé obìnrin sórí ẹ̀rọ ìgékoríko, kí àwọn ará abúlé wa máa bi mí pé ṣé ọkùnrin ti tán nílé mi ni? Lọ síṣẹ́ báńkì, jàre. Ibẹ̀ lo ti máa rí ọkọ tí èékánná ẹ̀ mọ́."

"Àbí kó kúkú wọ bàtà gogoro gun un!" Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ni wáìnì bá gba imú rẹ̀ jáde. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Assunta. Loredana kò sunkún. Ó jẹun tán, ó fọ abọ́, kò sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù náà mọ́ láéláé. Ẹyin lohùn, èyí fọ́ sórí tábìlì lójú gbogbo wọn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Àwọn àbúrò yẹn ti kú báyìí. Ẹ̀yìn Donato ti tẹ̀, iléeṣẹ́ ńlá kan sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá ra gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn máa ha orúkọ náà kúrò lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ti Donato yàtọ̀. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ló lé, òun fúnra rẹ̀ ló wá ń gbé e tà.

"Pè é," ni Assunta wí. "Ẹnu tó o fi lé e náà ni kó o fi pè é. Àbí makaróní nìkan lẹnu ẹ wà fún?"

"Tó bá kọ̀ ńkọ́?"

"Kó kọ̀. Ìwọ náà kọ̀ fún un rí, kò pa á."

Loredana wá lọ́jọ́ Àìkú, ewú ti wà lórí òun náà. Ọ̀gá ni ní báńkì. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí igi ọ̀pọ̀tọ́ wà. Lọ́dọọdún kí yìnyín tó dé, wọ́n á gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dùbúlẹ̀, wọ́n á sì fi pákó àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí òtútù má bàa pa á. Bí òtútù bá lọ, wọ́n á gbé e dìde. Donato kò lè dá a ṣe mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò tán, ó gbójú sílẹ̀. "Lore, mi ò fẹ́ tà á. Ìwọ ni mo fẹ́ fi lé lọ́wọ́. Mo fi ọ́ ṣẹlẹ́yà níwájú gbogbo wọn lọ́jọ́sí. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìbínú: ọmọ á pariwo, òun á kúnlẹ̀, Assunta á bá òun bẹ̀ ẹ́ láti ojú fèrèsé. Ìbínú ní òpin.

"Pápà, mi ò bínú," ni Loredana wí. "Ó ti pẹ́ tí mi ò bínú mọ́."

"Ṣé wàá gbà á?"

"Kí ni màá fi ṣe? Òdòdó ọ́fíìsì mi gan-an, rọ́bà ni. Àwọn tòótọ́ máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀ rárá. Ó di igi náà mú. "Báwo la ṣe ń ṣe é? Ṣé kí n kàn fà á ni?"

Donato wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣeré. Kò ṣeré. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

"Má fà á," ló wí. "Rọra. Fọwọ́ síbí, nísàlẹ̀." Ó wá ń kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí ẹni tí kò fọwọ́ kan igi rí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.