Awọ Ìsàlẹ̀ Ìlù Bàbá Mi

Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá ẹ̀mí mi sí títí mo fi di ìyá àgbà tó ń pe orúkọ ọmọ-ọmọ mẹ́ta kó tó kan ẹni tó ń wá gan-an, síbẹ̀ kò gba òórùn àárọ̀ ọjọ́ kan kúrò nímú mi. Òórùn irun màlúù tí iná ń jó ni, lẹ́yìn ọjà Ìkàrẹ́, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ lára koríko. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Àkókó nígbà ìjọba òyìnbó, ẹ mọ òórùn náà. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun orí, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí pa ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èmi àti bàbá mi ti kúrò ní Ọ̀kà láti ìdájí lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a ó jókòó, afẹ́fẹ́ a sì máa fẹ́ wa. Bí a bá dé òkè, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó máa ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti ewúrẹ́ tí kò fẹ́ wọlé. Òkè ọ̀nà yẹn pọ̀ ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, lálọ àti lábọ̀. Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Awọ la wá wá. Aṣọ ni bàbá mi ń rán, Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n kó tó gba Jésù gbọ́, ó ti lu ìlù fún àwọn olórin kan nílé ọtí ní Ìkàrẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká, ọ̀gá wọn fi àwọn ìlù òyìnbó wọn sílẹ̀ fún un, ó sì gba Èkó lọ. Ìlù àtijọ́ ni wọ́n. Ọ̀dà ara wọn ti bó, irin wọn ti dípẹtà. Bàbá mi kó wọn sábẹ́ ibùsùn, ó sì ń gbàdúrà lé wọn lórí. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Ọlọ́run gba ìlù náà bó ti gba òun.

Àwọn àgbà ìjọ wa ni kò tíì fẹ́ gbà á. Bàbá Ìjọ, àgbàlagbà gíga kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ní ìlù tó ti mutí yó kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, wọ́n fún bàbá mi ní ọjọ́ kan péré, ọjọ́ Ìkórè. Bí ìlù náà bá dùn, yóò dúró. Bí ó bá dójú tì wọ́n, Bàbá Ìjọ ní, "Kí Télọ̀ gbé e padà sílé ọtí tó ti gbé e wá." Ìyá mi sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú bàbá mi, nítorí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ dá padà.

Ìlù kékeré kò ní wàhálà. Èyí tó tóbi, tó ń fi ẹsẹ̀ irin mẹ́ta dúró, tí àwọn olórin ń pè ní tọ́ọ̀mù, ni ìṣòro wà lára rẹ̀. Ojú méjì ló ní: awọ òkè tí igi ń lù, àti awọ ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Ti òkè ti ya. Eku ti jẹ ti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí à ń pè ní Bàbá Alápatà, ló ń pa màlúù ní Ìkàrẹ́. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kan sílẹ̀ ni, síbẹ̀ ó bá wa wá awọ ìlù ìjọ bí ẹni pé ti mọ́ṣáláṣí ni. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yan awọ. Ó ń gbé wọn sókè sí oòrùn bí ẹni ń wo aṣọ tó fẹ́ gé, ó ń fi ìka ta wọ́n, ó ń dẹ etí sí wọn. Níkẹyìn, ó mú awọ ọmọ màlúù kan tó nípọn, ó ní òun yóò gé e sí méjì, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀. Bàbá Alápatà mi orí. Ó ní òkè ni wọ́n ń lù, kí ó nípọn. Ìsàlẹ̀ kàn ń dáhùn ni, kí ó fẹ́lẹ́. Bàbá mi fi ọ̀rọ̀ ilé tí a kọ́ sórí àpáta dá a lóhùn, pé ìpìlẹ̀ kì í fẹ́lẹ́.

"Àna mi," ni Bàbá Alápatà wí, "ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni, àbí ìlù?"

Àwọn alápatà tó kù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò yí ohùn padà. Nígbà tí a ń lọ, Bàbá Alápatà fi awọ ọmọ ewúrẹ́ kan tí wọ́n ti ha, tó ti gbẹ, tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, lé ẹrù wa lórí, ó ní ènì ni. Bí a ti délé ni ìyá mi gbà á, ó sì ń sá irú tó ń tà lórí rẹ̀.

Eérú la fi bó irun awọ ọmọ màlúù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ọ̀bẹ tí kò mú ha á. Bàbá mi máa ń sọ pé iṣẹ́ tí ènìyàn kò rí ni Ọlọ́run ń kọ́kọ́ wò, nítorí náà mo ha á títí ó fi funfun nini. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi awọ òkè dé ìlù. Ó fi ti ìsàlẹ̀ sínú omi mímọ́ nínú bàsíà, nítorí òrùka igi tí yóò di í mú ṣì wà lọ́dọ̀ káfíńtà. Láàárọ̀ Sátidé, ó ní kí n máa ṣọ́ ọ, ó sì lọ gba òrùka náà.

Kò pẹ́ tó jáde ni Bàbá Ìjọ àti àgbà méjì wọlé, pé àwọn wá yẹ ìlù wò. Ìyá mi wà lọ́jà. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ló wà nílé. Iṣu iyán ti wà lórí iná, ẹ̀gúsí ti ń hó, ṣùgbọ́n kò sí ẹran. Kí àgbà ìjọ mẹ́ta jẹ iyán lásán nílé ẹni ní Ọ̀kà, ìtìjú rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a kò tíì bí. Ìyá àgbà yí àgbàlá ká, ó sì dúró síwájú bàsíà.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló ra awọ dáadáa báyìí?"

"Bàbá mi ni, Ìyá àgbà. Ìkàrẹ́ ló ti rà á."

Ó súre fún ọmọ rẹ̀ tó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, ó sì mú ọ̀bẹ. N kò parọ́. Kò bi mí pé kí ni awọ náà wà fún. Ṣùgbọ́n níwájú Ọlọ́run ni mo wà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: mo mọ̀, ẹnu mi sì ń ṣomi. Awọ ọmọ màlúù ni, kò pẹ́ tó fi rọ̀. Mo jẹ mẹ́ta.

Bàbá Ìjọ jẹ pọ̀nmọ́ náà tọpẹ́tọpẹ́. Ó bu sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń nu ẹnu lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi wọlé, òrùka igi lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ olóyè.

"Télọ̀, ìyá rẹ ti ṣe wá lálejò. Ó ku ìlù."

Bàbá mi kọjá sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, awọ ìsàlẹ̀ dà?"

Kí n tó mọ̀, ojú mi ti lọ sí ikùn Bàbá Ìjọ. Ojú bàbá mi tẹ̀lé tèmi lọ síbẹ̀, kò sì tètè padà. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé ó ti gbé ìdajì ìlù tó wá yẹ̀ wò mì? Bàbá mi fi awọ òkè hàn wọ́n, ó ní kò tíì gbẹ, kí wọ́n ní sùúrù di ọ̀la. Bàbá Ìjọ fọwọ́ pa ikùn, ó ní kò burú, ohun tó wà nínú ìlù náà kò ní pẹ́ hàn sí gbogbo ayé.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo sunkún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan mẹ́ta tèmi. Mo ti mú ara le de pàṣán. Bàbá mi jókòó ti bàsíà, ó wo omi inú rẹ̀ pẹ́, ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ọ̀kan, tí o sì mọ̀ pé èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, sọ méjèèjì." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ kó irú kúrò lórí awọ ènì. Kò sí àyè láti padà sí Ìkàrẹ́ mọ́. Ó rẹ awọ náà sómi, ó nà án mọ́ òrùka, ó fún un lára ìlù. Ọyẹ́ ti dé. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń gbẹ.

Lọ́jọ́ Ìkórè, òórùn irú ló kọ́kọ́ dé etí pẹpẹ. Àwọn ìyá ń fínmú, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n sì wo ìyá mi, tó tẹjú mọ́ ìwé orin bí ẹni pé ó mọ̀ ọ́n kà. Bàbá mi gbé igi sókè. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Tọ́ọ̀mù náà kò dún gbì kó kú síbẹ̀. Ó dún, ó dúró, ó sì rọra ń lọ bí ohùn àgbà tó ń ṣe àmín. Òkè nípọn tó láti gba igi. Ìsàlẹ̀ fẹ́lẹ́ tó láti dáhùn. Bàbá mi wò ó tìyanutìyanu, ó sì ń lù ú lọ. Nígbà tí wọ́n pe ọrẹ àwọn àgbà, Bàbá Ìjọ jó jáde, ó padà, ó tún jó jáde.

Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ìlù náà dúró, Télọ̀," ó ní. "Ìwọ náà, dúró." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde. Bàbá Ìjọ wá fi kún un pé kí ìyá wa jọ̀ọ́ tún bá òun wá irú pọ̀nmọ́ àná.

Mo rántí ẹ̀kọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, pọ̀nmọ́ yẹn—"

"Àbẹ̀kẹ́," ni bàbá mi wí láti orí ilẹ̀, "lọ bá ìyá rẹ."

Ó dùn mí púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé èèyàn kò lè kọ́ ọmọ ní òtítọ́ lọ́jọ́ kan, kó sì dí i lẹ́nu lọ́jọ́ kejì. Mo ti dàgbà ju Bàbá Ìjọ ìgbà náà lọ báyìí, mo sì ń jókòó láàárín àwọn àgbà. Ó máa ń rọrùn fún mi láti sọ fún ọmọdé pé kó lọ bá ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn jẹ́wọ́ tirẹ̀ kí ọjọ́ tó ṣú. Àwọn ohun kan wà tí èmi, pẹ̀lú gbogbo oyè ìjọ tí mo gbà, ti ń sún síwájú fún ogún ọdún. Ara kan náà ni èmi àti ọmọ yẹn jọ ń gbé, ṣùgbọ́n òun ló yá ju èmi lọ.

Ìwọ tó ka èyí dópin, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àlejò bá ilé rẹ lófìfo. Kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ rí ọ bí ẹni tí wọ́n lè sọ òótọ́ fún láìfòyà, kí ìwọ náà sì rí tìrẹ sọ kí oòrùn tó wọ̀. Àmín.