Ẹni Tó Ń Ka Lílù Ọkàn Wa

Òórùn kẹrosíìnì ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa l'Ágbowó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí màmá mi ṣe ń tan sítóòfù, Bùrọ̀dá Wálé kan ilẹ̀kùn wa. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó háyà yàrá kan lọ́dọ̀ wa. Ó ní òun fẹ́ máa kó àwa ọmọ ilé sáré kí a tó lọ sílé ìwé, kí òun lè mọ bí èémí ọmọdé ṣe ń gùn sí i bó bá ń sáré lójoojúmọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn. Màmá mi gbà, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀. Ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀ nígboro nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni Bùrọ̀dá máa ń bu gúlúkóòsì sí wa lọ́wọ́ bí a bá sáré dé. Màmá mi tọ́ ọ wò, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀. "Ẹni tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan dídùn láìnídìí, ó nídìí," ni wọ́n wí.

Èmi fẹ́ràn eré náà. Ojú máa ń tì mí. Bí tíṣà bá pè mí, màá forí pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó jókòó níwájú mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sáré lọ sápá Bódìjà, tí ìrì ṣì wà lórí koríko, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń dúró sinmi. Nígbà tó yá, n kò dúró mọ́.

A kò mọ̀ pé màmá mi ń tẹ̀ lé wa. Wọ́n á so ìró wọn le, wọ́n á máa sá pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò tí wọ́n páàkì. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe dúró, Bùrọ̀dá di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago, ó ń kà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Màmá mi yọ sí wa.

"Wálé, kí lò ń kà lára ọmọ mi?"

"Bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ni, Mà."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìwọ wá ń ka ọkàn! Ta ló rán ẹ?"

Ràsákì, ọmọ yàrá kejì, bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì Ṣadé, ẹ̀yin náà sáré débí! Bùrọ̀dá, ẹ ka tiwọn!"

Màmá mi yára ká ọwọ́ méjèèjì sínú ìró. Wọ́n ní kó ya ojú ìwé tí orúkọ mi wà. Ó ya á, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. "Ṣadé, ṣé o ṣì fẹ́ máa bá wa sáré? Sọ fún mọ́mì."

Gbogbo wọn ń wò mí. Èmi ń wo bàtà mi.

"O ò rí i? Ẹ̀rù ń bà á," ni màmá mi wí, wọ́n sì fà mí relé. N kò bá wọn sáré mọ́.

Bùrọ̀dá Wálé parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó kó lọ. Kò sọ́mọ tó sọnù nínú wa. Síbẹ̀, n kò mọ ohun tó fi òǹkà àwọn yòókù ṣe, n kò sì ní búra fún un. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọjà. Aṣọ ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀ báyìí, ojú kì í tì mí níwájú oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gun àtẹ̀gùn dókè, màá di ògiri mú kí èémí mi balẹ̀ kí n tó lè kí ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ì bá ti gùn ún kọjá mi. Ohun kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ kò ká ni kó gbójú sókè, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mo fẹ́ sáré."